Ọ̀nà Ọ̀fun, Ọ̀nà Ọ̀run

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run." Alájẹkì ni wọ́n fi ń bá wí. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé òwe náà kan ẹni tí kò lè gbé oúnjẹ mì pẹ̀lú, ó sì kan àwọn ará ilé rẹ̀.

Àgbẹ̀ kan wà nítòsí ilé ẹ̀kọ́ wa, ọkùnrin alágbára ni. Ní ìgbà iṣu titun, ó wí fún aya rẹ̀ pé iyán ń há òun ní àyà. Ó fi omi tì í, ó lọ. Nígbà tí ó ṣe, ó kọ iyán, ó ń jẹ àmàlà rírọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀kọ mímu nìkan ni ó ń wọlé. Àwọn ènìyàn ní ó jẹun lójú àlá ni. Wọ́n fún un ní àgbo, wọ́n sì ní kí ó gbààwẹ̀, ẹni tí ebi ti ń pa tẹ́lẹ̀! Nígbà tí wọn yóò fi gbé e dé ilé ìwòsàn, omi pàápàá kò lọ mọ́. Àrùn jẹjẹrẹ ni dókítà bá ní ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀, ó sì ti tàn kálẹ̀. A sin ín kí a tó wa iṣu ọdún kejì.

Èmi kò wí pé jẹjẹrẹ ni gbogbo rẹ̀. Omi kíkan inú ikùn tí ń ru sókè lè dá egbò sí ọ̀nà oúnjẹ, kí àpá rẹ̀ sì mú kí ó fún. Gẹ̀gẹ̀ ńlá lè tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀, ọ̀fun lè di aláìlágbára, kí oúnjẹ máa yà sí ọ̀nà èémí. Ẹ má ṣe rọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀kọ lórí ìdùbúlẹ̀. Ẹ bi dókítà kí ẹ tó fún un ní ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ nínú ìwọ̀nyí ni ó ní ìtọ́jú, bí a bá tètè dé. Dókítà ní ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ oníná tí ó fi ń wo ọ̀nà náà dé ikùn. Àlá kò lè fi ibẹ̀ hàn wá.

Nítorí náà, bí òkèlè bá ń há ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, bí ara bá ń rù, bí oúnjẹ bá ń padà, bí ènìyàn bá ń húkọ́ nígbàkúgbà tí ó bá ń jẹun, ẹ má ṣe dúró títí omi yóò fi kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè gbé itọ́ mì, tàbí tí ẹnu rẹ̀ ṣàdédé yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ gbé e lọ.

Bí eegun ẹja bá há, ẹ má ṣe fi òkèlè ńlá tì í. Ó lè rì í sínú ẹran ara. Bí ọmọ bá gbé bátìrì kékeré róbótó mì, kò gbọdọ̀ di ọ̀la, nítorí pé láàárín wákàtí díẹ̀ ni ó ń jó ọ̀fun. Ẹ̀yin ìyá tí ń se ọṣẹ, ẹ má ṣe bu sódà sínú ìgò tí a fi ń mu omi. Bí ọmọ bá ṣèèṣì mu ún, ẹ má ṣe mú kí ó bì, ẹ má sì ṣe da epo sí i lẹ́nu; ẹ gbé òun àti ìgò náà lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Ẹlòmíràn yóò ní owó kò sí, iṣẹ́ oko sì pọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èwo nínú wa ni ó rí kòkòrò lára ewé kan, tí ó dúró títí ó fi jẹ oko tán? Ẹlòmíràn yóò ní òun ń gbàdúrà. Àdúrà dára, ẹ máa gbà á lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn.