FÀDÁKÀ NÍNÚ OÒGÙN IMÚ

Ọ̀rọ̀ oògùn fàdákà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí a fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ní 1902 ni wọ́n gbé oògùn kan jáde ní Philadelphia tí a ń pè ní Argyrol. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń kán òun àti irú rẹ̀ sí ihò imú ẹni tí ọ̀fìnkìn dí nímú. Albert Barnes, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe é, fi èrè rẹ̀ kó àwòrán olówó iyebíye jọ. A kò bá a jowú. Ohun tí ó kàn wá ni ohun tí oògùn náà fi sílẹ̀ lára àwọn tí ó rà á.

Fàdákà kì í tètè jáde lára. Bí ènìyàn bá ń kán an sí imú fún oṣù tàbí ọdún, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa jókòó sínú awọ; bí oòrùn bá sì ti pa á, yóò dúdú, gẹ́gẹ́ bí ìwé tí àwọn ayafọ́tò ń lò láyé àtijọ́ ṣe ń dúdú nínú ìmọ́lẹ̀. Àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì mọ èyí dájú. Èrìgì ni a sábà máa ń kọ́kọ́ rí i. Lẹ́yìn náà ìdí èékánná àti funfun ojú, títí ojú àti ọwọ́ yóò fi dàbí aṣọ tí a rẹ láró lẹ́ẹ̀kan péré. Ọṣẹ kò lè fọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí oògùn tí í fà á jáde. Iná lésà nìkan ni ó ti ran àwọn díẹ̀ lọ́wọ́.

Ìjọba Amẹ́ríkà kò lè sọ pé òun kò mọ̀. Ní 1999 ni àjọ FDA pàṣẹ pé oògùn fàdákà tí a ń rà láìgba ìwé dókítà kò ṣeé kà sí oògùn tí kò léwu tí ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n òfin 1994 ti la ẹ̀bùrú sílẹ̀: ẹni tí ó bá pe ọjà rẹ̀ ní àfikún oúnjẹ kò nílò àṣẹ FDA kí ó tó tà á. Orúkọ ni ó yí padà. Fàdákà kò yí padà. Ọ̀gbẹ́ni Stan Jones, tí ó du ipò sẹ́nétọ̀ ní Montana ní 2002, ti ń mu èyí tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láti 1999, títí àwọ̀ rẹ̀ fi di ti aró. Ní oṣù kẹta 2020, ìjọba tún ní láti kìlọ̀ fún àwọn tí ń polówó fàdákà bí ìwòsàn àrùn Kòrónà.

Ìkìlọ̀ lẹ́yìn tí ọjà ti dé ilé kò tó. Àwọn tí ń ta fàdákà ni ó yẹ kí ó mú ẹ̀rí wá, kì í ṣe ẹni tí imú dí. Kí àwọn aṣòfin Washington tún òfin 1994 ṣe, kí wọ́n sì mú kí a kọ ọ́ gàdàgbà sára ìgò pé fàdákà inú rẹ̀ lè pa àwọ̀ ènìyàn dà títí ayé.