Ọmọ Onígbàjámọ̀ Tó Ya Ajá Òṣùpá

Lóṣù karùn-ún ọdún 1969, oṣù méjì kí Neil Armstrong tó fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà mẹ́ta kan ti lọ yẹ ọ̀nà wò. Apollo 10 ni wọ́n pe ìrìn àjò náà. Ìyá ọkọ̀ ń jẹ́ Charlie Brown, èyí kékeré tó ń sọ̀ kalẹ̀ ń jẹ́ Snoopy. Tom Stafford àti Gene Cernan gbé Snoopy lọ títí ó fi ku nǹkan bíi kìlómítà 15 sí ilẹ̀ òṣùpá, kí wọ́n tó padà lọ bá John Young lókè.

Ajá ni Snoopy, Charlie Brown ló ni ín. Inú Peanuts, àwòrán ẹ̀fẹ̀ tí Charles Schulz bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún àwọn ìwé ìròyìn lọ́dún 1950, ni wọ́n ti jáde. Nígbà tí iná pa arìnrìn-àjò mẹ́ta nínú ọkọ̀ Apollo 1 lóṣù kìíní 1967, àjọ NASA wá ohun tí yóò máa rán òṣìṣẹ́ létí pé ẹ̀mí ènìyàn wà lọ́wọ́ ẹni tó ń de bóòtù. Schulz fún wọn ní Snoopy láìgba kọ́bọ̀. Títí dòní, báàjì fàdákà Snoopy, tó ti kọ́kọ́ lọ sí òfurufú, ni àwọn arìnrìn-àjò fi ń yin òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́. Àwọn tó jẹ́ ọmọdé láyé Apollo ti darúgbó, síbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ òṣùpá Artemis I gbéra lóṣù kọkànlá 2022, bèbí Snoopy wà nínú rẹ̀. Ìfẹ́ ìgbà èwe kì í tètè kú.

Àmọ́ bàbá Schulz ló gbà mí lọ́kàn jù. Carl ń gẹrun fún àwọn ará ìlú St. Paul ní Minnesota. Dena, ìyàwó rẹ̀, ló rí ìkéde nínú ìwé ìròyìn pé ta ló fẹ́ràn àwòrán yíyà. Ẹ̀kọ́ àfìwéránṣẹ́ ni, dọ́là 170. Fún onígbàjámọ̀ láyé ìgbà yẹn, owó ńlá ni. Díẹ̀díẹ̀ ló ń san án, ó sì nira fún un. Kí ni ọmọ gbà? C+ nínú yíya àwòrán ọmọdé! Ọmọdé náà ló sì fi nǹkan bí àádọ́ta ọdún yà. Carl kò torí máàkì yẹn gba gègé lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ilé ẹ̀kọ́ yẹn gba Schulz láti máa yẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò, akẹgbẹ́ rẹ̀ kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Charlie Brown ló sì yá a lórúkọ fún ọmọ tó ni Snoopy.

Akinola Lasekan, ọmọ Ọ̀wọ̀ tó ń fi àwòrán bá ìjọba amúnisìn jà nínú ìwé ìròyìn West African Pilot, náà gba ẹ̀kọ́ àfìwéránṣẹ́. Kí ló dé tí àwa ń san owó lẹ́sìnnì ìṣirò, tí a wá ń na ọmọ tó yàwòrán sẹ́yìn ìwé? Ó ń dùn mí gan-an. Ìjọba tó bá ń gba olùkọ́ síṣẹ́, kó gba olùkọ́ àwòrán mọ́ ọn. Ẹ̀yin òbí, ẹ ra ìwé tí kò nílà àti pẹ́ńsù fún ọmọ náà lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ sì bi í léèrè ohun tó yà.