Níbo ni JSS 3D wọlé sí?

Ní oṣù Keje ọdún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí pé kí n wá bá wọn jókòó níbi ayẹyẹ ìparí ọdún ní ilé ìwé tó ti ń ṣe tíṣà. Ilé ìwé girama ìjọba kan n'Íbàdàn ni, àwọn JSS nìkan ló ń ṣe tiwọn lọ́jọ́ yẹn. "Lọ́yà la máa kọ síwájú orúkọ ẹ nínú ìwé ètò o, torí náà wọ aṣọ gidi." Mo wọ aṣọ gidi. Mo tún ra páálí ìwé ìkọ̀wé méjì dání, torí ẹni tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ètò kì í lọ lọ́wọ́ òfìfo.

Ayẹyẹ náà dùn, mi ò ní parọ́. Kánópì mẹ́ta, ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ń han gooro, àti MC kan tó jẹ́ pé tíṣà Social Studies ni lọ́jọ́ tó kù. Ọmọbìnrin kan wà ní JSS 3A tí wọ́n pè síwájú lẹ́ẹ̀mẹfà: Ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì, Basic Science, Yorùbá, ẹni tó gba ipò kìíní, ẹni tó mọ́ tónítóní jù. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ìyá rẹ̀ ò lè jókòó mọ́. Ó dúró síwájú pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ó ń sunkún, ó ń ya fọ́tò. Wọ́n fún àwọn òṣìṣẹ́ náà lẹ́bùn. Tíṣà tó dára jù gba kúlà ńlá, ẹnì kejì gba aago ara ògiri, ìyá tó ń gbálẹ̀ ọgbà gba àǹkárá, tiwọn sì ni àtẹ́wọ́ pọ̀ jù níbẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ àwọn àlejò pàtàkì gùn díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé ètò. Ojú ewé kan wà tí wọ́n pè ní "Àwọn Àṣeyọrí Wa Lọ́dún Yìí". Wọ́n ṣe ipò kejì nínú ìdíje ìbéèrè àti ìdáhùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun fún wọn. Gbogbo àwọn JSS 3 ló yege. Lẹ́yìn ìyẹn ni fọ́tò kíláàsì kọ̀ọ̀kan: JSS 1 láti A dé E, JSS 2 láti A dé D, JSS 3 láti A dé C.

Mo tún un kà. Márùn-ún, mẹ́rin, mẹ́ta.

Mo fẹnu sétí ẹ̀gbọ́n mi. "Àǹtí mi, nígbà tí àwọn JSS 3 yìí wọlé, kíláàsì mélòó ni wọ́n?"

"Mẹ́rin. Èmi gan-an ni mo jẹ́ tíṣà kíláàsì 1D."

"3D wá dà?"

"Wọ́n ti pín wọn mọ́ àwọn tó kù. Jẹ́ ká gbọ́ ohun tí MC ń sọ."

Ọ̀rọ̀ yìí ò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà. Tí wọ́n bá pín odindi kíláàsì kan mọ́ mẹ́ta, ó yẹ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kún sí i. Nínú fọ́tò, wọn ò kún. Àwọn kan á ti gba ìwé lọ sí ilé ìwé mìíràn, òbí àwọn kan á ti kó kúrò ládùúgbò, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi pírínsípà lẹ́yìn ayẹyẹ (ìyá tó ní ìrẹ̀lẹ̀, tí àárẹ̀ sì ti mú), ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Àwọn kan ti lọ kọ́ṣẹ́, lọ́yà. Àwọn kan, a ò kàn rí wọn mọ́."

A ò kàn rí wọn mọ́. Gbólóhùn yẹn ò sí lójú ewé àṣeyọrí.

Ẹ jẹ́ ká wo "gbogbo wọn ló yege" yẹn dáadáa. Irọ́ kọ́. Gbogbo àwọn tó jókòó ṣe ìdánwò BECE ló yege. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ bóyá ilé ìwé kan ṣe dáadáa gbọ́dọ̀ béèrè pé: gbogbo wọn nínú mélòó? Nínú àwọn tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò ni, àbí nínú àwọn tó wọlé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn? Ọmọ tó ti jáwọ́ nínú ẹ̀kọ́ ò lè fìdí rẹmi. Tí àwọn tí ìwé ń nira fún bá ń tètè lọ, ńṣe ni èsì ìdánwò ilé ìwé á máa dára sí i. Ẹ wo bí ó ṣe burú tó: ohun tó yẹ kó jẹ́ àbùkù ilé ìwé ló ń di ohun ìyangàn rẹ̀.

Ilé ìwé àdáni ò sì mọ́ nínú ẹ̀. Gbogbo wa la ti rí pátákó tí wọ́n kọ "100%" sí létí títì. Ẹ bi àwọn òbí tí wọ́n ti pè sí ọ́fíìsì ní JSS 2 pé kí wọ́n "wá ibi tó máa bá ọmọ yín lára mu" kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń rí 100% yẹn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ D ló pòórá, tí kì í ṣe A? Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣàlàyé fún mi nínú mọ́tò. Níbi tiwọn, lẹ́yìn ìdánwò àkọ́kọ́ ní JSS 1, wọ́n máa ń to àwọn ọmọ bí máàkì wọn bá ṣe rí. Àwọn tó mọ̀wé jù á bọ́ sí A, D á sì gba àwọn tó gbẹ̀yìn. Tíṣà tó ní ìrírí jù ni wọ́n ń fún ní A. Àga tó lápá lẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń gbé sí A. Tí ọmọ bá ti wà ní D fún ọdún kan, ó ti mọ ohun tí gbogbo ilé ìwé rò nípa òun, kò sì sí ẹni tó nílò láti lé e. Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ bá sọ pé kó dúró ti ọjà fún òun ní Ọjọ́rú, kò ní bá ìyá rẹ̀ jiyàn.

Ẹ̀bùn tíṣà náà ń tọ ọ̀nà kan náà. Máàkì ọmọ ni wọ́n fi ń mú tíṣà tó dára jù, torí náà tíṣà tó ń kọ́ A ló máa ń gbé kúlà lọ sílé. Mi ò sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà nínú wọn tó ń kọ́ Basic Technology, tí orúkọ rẹ̀ ò jáde lẹ́nu MC lọ́jọ́ yẹn rárá. Tó bá rí i pé ọmọ kan ò wá fún ọ̀sẹ̀ kan, ọkùnrin yìí á fi owó ara rẹ̀ gun ọ̀kadà lọ sí ṣọ́ọ̀bù tàbí ọjà tí wọ́n bá ní ọmọ náà wà. Ó ti bá ọ̀gá mẹkáníìkì kan ṣe àdéhùn pé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ á máa wá lẹ́yìn ilé ìwé. Méjì ló ti kó padà wálé ìwé lọ́dún yẹn. Ọ̀kan nínú wọn wà lábẹ́ kánópì tó ń pàtẹ́wọ́ fún àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Máàkì ọmọ náà ò dára rárá, ó sì bá tíṣà náà fa máàkì kíláàsì wálẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwé yẹn láàárín ọdún kan, èwo ni àṣeyọrí ju ìyẹn lọ?

Mo kọ́ òfin, ẹ máa forí jì mí tí mo bá mú un wọ̀ ọ́. Òfin UBE ti ọdún 2004 kò sọ pé kí ọmọ kàn wọlé. Ó ní kí òbí rí i dájú pé ọmọ òun lọ, kó sì parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti JSS. Òbí tó bá kọ̀, ìbáwí ni nígbà àkọ́kọ́. Nígbà kejì, owó ìtanràn ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Láti ìgbà tí mo ti ń lọ sí kóòtù, mi ò tíì rí òbí kan tí wọ́n gbé wá nítorí èyí, mi ò sì fẹ́ rí i. Ta la fẹ́ mú? Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́? Òfin kan náà ló sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ yìí, pé ẹni tó bá gba owó lórí ẹ̀ lè san ₦10,000 tàbí kó fẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta jura. Lọ́jọ́ tí Gómìnà Ṣèyí Mákindé búra wọlé ní May 2019, ó kéde pé òun ti fagi lé owó ₦3,000 tí àwọn ọmọ ilé ìwé ìjọba ń san ní Ọ̀yọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bàtà ń bẹ, owó ọkọ̀ ń bẹ, ẹ sì mọ ohun tí owó ọkọ̀ dà láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023.

Ní ti àwọn ọmọbìnrin, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sọ ọ́ ní tààrà: ọmọbìnrin tó bá lóyún kó tó parí ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ ní àǹfààní láti padà lẹ́yìn tó bá bímọ. Ọ̀yọ́ ti ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tirẹ̀ láti 2006. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi bóyá ẹnì kan ti padà bẹ́ẹ̀ rí níbi iṣẹ́ wọn. Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í ní ìbéèrè láti inú sinimá.

Nígbà tí UNESCO sọ ní 2022 pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 ọmọ ni kò sí nílé ìwé ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ wa rò pé Àríwá ni wọ́n ń bá wí. Ọkàn wa balẹ̀, ṣe bí àwa la gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ látọwọ́ Awólọ́wọ̀ ní 1955. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, títí di ọjọ́ tí mo ka A, B, C nínú ìwé ètò tí mi ò rí D.

Ẹ̀gbọ́n mi bínú sí mi díẹ̀. "O tún gbé òfin ẹ dé. Ṣé kí wọ́n má pàtẹ́wọ́ fún ọmọ tó ṣiṣẹ́ ni?" Rárá o. Ní JSS 2, èmi náà gba ẹ̀bùn kan ṣoṣo ní gbogbo ayé mi ní girama: ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n lu òǹtẹ̀ ilé ìwé sí. Mo gbé e dání dé yunifásítì. Mo mọ ohun tí ẹ̀bùn ń ṣe lára ọmọ. Torí ìyẹn náà ni mi ò ṣe fara mọ́ àwọn tó fẹ́ kí wọ́n fòfin de ayẹyẹ wọ̀nyí pátápátá, bí ìpínlẹ̀ Ímò ṣe fòfin de ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde àwọn kíláàsì kan, tó fi mọ́ JSS 3, ní 2025. Òótọ́ ni pé àwọn kan ti sọ ọ́ di òwò: owó gáùn, owó fọ́tò, owó jọ̀lọ́ọ̀fù. Ẹ gbógun ti owó yẹn. Ọ̀rọ̀ tèmi yàtọ̀.

Ohun tí mò ń béèrè ò gba kọ́bọ̀. Lójú ewé àṣeyọrí yẹn, kí wọ́n kọ iye ọmọ tó wọ JSS 1, iye tó parí JSS 3, àti ibi tí ilé ìwé mọ̀ pé àwọn tó kù wà. Rẹ́jísítà wà nílẹ̀, àárọ̀ àárọ̀ ni wọ́n ń pè é. Iye nìkan ni o, kì í ṣe orúkọ. (Ẹ̀yin tíṣà tí ẹ máa ń gbé èsì ìdánwò odindi kíláàsì sórí WhatsApp, ẹ lọ ka Òfin Ìdáàbòbò Détà ti 2023. Ẹ nílò àṣẹ òbí kí ẹ tó ṣe irú ẹ̀.) Kí wọ́n sì fi kúlà kan sílẹ̀ fún tíṣà tó mú ọmọ padà wálé.

Ẹ̀gbọ́n mi bá mi gbé ìyẹn lọ sí ìpàdé wọn. Pírínsípà ò kọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n béèrè ìbéèrè kan tí mi ò rí fèsì fún un lójú ẹsẹ̀: tí àwa bá kọ tiwa síta, tí ilé ìwé kejì ò kọ tiwọn, ta ni òbí máa rò pé kò ṣe dáadáa? Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ òótọ́ ló máa jẹ̀bi. Ìdí nìyẹn tí kì í fi ṣe ọ̀rọ̀ pírínsípà kan ṣoṣo. Iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ ló lè sọ pé kí gbogbo wọn kọ ọ́ lọ́jọ́ kan náà, kí ojú má ti ẹnì kan ju ẹnì kan lọ.

Ìwé ètò náà ṣì wà nílé mi. Mo ka àwọn ọmọ tó wà nínú fọ́tò JSS 1E níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: mẹ́tàlélógójì ni wọ́n, ọ̀kan dijú. Wọ́n ti wà ní JSS 2 báyìí. Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé lọ́jọ́ ayẹyẹ tiwọn, bí wọn ò bá tiẹ̀ kọ orúkọ mi sínú ìwé ètò, kó bá mi wá àga kan.