Alùpùpù Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin fún Oko: Irú Jíà Wo Ni Ó Yẹ Kí Ẹgbẹ́ Rà?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Addo, Langbasa àti Badore, àti gbogbo ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó wà ní agbègbè Ajah, ẹ jẹ́ kí a jọ gbé ọ̀rọ̀ kan yẹ̀ wò. Ẹgbẹ́ ti dá owó jọ. Ẹ fẹ́ ra alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí yóò máa kó ìgbẹ́ adìẹ lọ sí oko, tí yóò sì máa kó ẹ̀fọ́, ẹ̀gẹ́ àti àgbọn bọ̀ wá sí etí títì. Ẹni tí ó ń tà á wá bi yín léèrè pé: ṣé èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ yí jíà rẹ̀ ni ẹ fẹ́ ni, tàbí èyí tí ó ń dá yí jíà fúnra rẹ̀, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ọ́tò? Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa dáhùn ìbéèrè yìí bí ẹni tí ó ń yan àwọ̀ aṣọ. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi ọdún púpọ̀ kó jọ díẹ̀díẹ̀ ni, bí ẹ bá sì ṣì í yàn, inú iyanrìn Addo ni owó náà yóò rì sí.

Kí a tó máa jiyàn, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń sọ. Nínú ẹ̀rọ tí a ń fi ẹsẹ̀ yí jíà, eyín irin ni ó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà, kílọ́ọ̀ṣì a sì máa dá agbára náà dúró díẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ ti inú jíà kan bọ́ sí òmíràn. Ẹni tí ó bá ti gun ọ̀kadà rí mọ̀ ọ́n: ọwọ́ òsì a fa kílọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ òsì a tẹ jíà. Kẹ̀kẹ́ Márúwá, tí ó ń jẹ́ orúkọ Buba Marwa tí ó jẹ́ alákòóso ológun fún ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999, ìran kan náà ni, àfi pé ọwọ́ ni a fi ń yí jíà tirẹ̀. Nínú ẹ̀rọ ọ́tò, bẹ́líìtì rọ́bà kan ni ó so kẹ̀kẹ́ irin méjì pọ̀. Ojú ibi tí bẹ́líìtì náà ń gbà lórí kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí a máa fẹ̀, a sì máa fún, bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i tàbí tí ó ń dín kù. Awakọ̀ kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀ ju pé kí ó fún ẹ̀rọ ní epo lọ.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ọgbọ́n àná. Ní 1958, ilé-iṣẹ́ DAF ní ilẹ̀ Hólándì gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré kan jáde tí ó ń fi bẹ́líìtì rọ́bà dá yí jíà rẹ̀. Ní ọdún kan náà gan-an, ní ilẹ̀ Jàpáánù, Soichiro Honda mú alùpùpù Super Cub jáde. Ẹni tí ó rò ó fún ni ọmọ ilé-oúnjẹ tí ó ń gbé oúnjẹ lọ fún oníbàárà, tí ó ní láti fi ọwọ́ kan di àwo mú kí ó sì fi ọwọ́ kejì wa alùpùpù. Nítorí náà ó yọ ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì kúrò pátápátá, ó ṣe é kí kílọ́ọ̀ṣì máa mú fúnra rẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń sáré, ó sì fi jíà sílẹ̀ fún ẹsẹ̀. Nígbà tí ó di 2017, iye alùpùpù ìran Super Cub tí wọ́n ti ṣe pé ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Ní Amẹ́ríkà, Polaris ni ó gbé bẹ́líìtì sínú alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tirẹ̀ ní 1985. Ẹ fi ti Honda yìí sọ́kàn, nítorí pé èmi yóò padà sí i: kì í ṣe irú méjì ni ó wà lọ́jà, mẹ́ta ni.

Ní ti iyanrìn, n kò ní í fi òótọ́ pamọ́: ọ́tò ni ó borí. Ilẹ̀ yín kì í ṣe ilẹ̀ pupa bí ti Ìbàdàn. Iyanrìn rírọ̀ ni apá kan, àbàtà ni apá kejì, ọ̀sà sì wà níwájú. Bí ẹni tí ó ń wa ẹ̀rọ afẹsẹ̀yí bá fa kílọ́ọ̀ṣì láàrin iyanrìn rírọ̀ kí ó lè pààrọ̀ jíà, ẹ̀rọ náà yóò dúró kí ó tó tu kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Nígbà tí ó bá sì tu ú sílẹ̀, táyà yóò bẹ̀rẹ̀ sí wa kòtò fún ara rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń ṣe nígbà náà ni pé wọn a di kílọ́ọ̀ṣì mú ní ìdajì, wọn a sì máa fún ẹ́ńjìnnì ní epo kíkankíkan. Ìyẹn ni ó ń jó kílọ́ọ̀ṣì run láìpẹ́ ọjọ́. Ẹ̀rọ oníbẹ́líìtì kì í dá agbára dúró rárá; wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni yóò máa lọ. Ẹni tí ó bá ti ra afẹsẹ̀yí tẹ́lẹ̀ kò ní láti banújẹ́: kí ó ki jíà kìíní tàbí èkejì bọ̀ ọ́ kí ó tó wọ inú iyanrìn, kí ó má sì ṣe pààrọ̀ rẹ̀ títí yóò fi jáde. Kí ó sì má ṣe fẹ́ táyà le bí ti ọ̀kadà. Táyà fẹ̀fẹ̀ ti ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kò fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀, ìwọ̀n rẹ̀ wà lára táyà náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn vọkanáísà wa kì í wò ó.

Ṣùgbọ́n ní ti omi, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ mọ bí òjò oṣù kẹfà ṣe máa ń rí níhìn-ín, ẹ sì mọ èyí tí ó ń tẹ̀lé e ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Inú àpótí tí bẹ́líìtì wà ní ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé láti tù ú lára. Bí ẹ̀rọ bá wọ inú omi tí ó jìn kọjá ibi tí ihò náà wà, omi yóò wọlé, bẹ́líìtì yóò tutù, yóò sì máa yọ̀ lórí irin. Ẹ óò gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń ké, ṣùgbọ́n táyà kò ní í yí. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ ṣí ìdè tí ó wà ní ìsàlẹ̀ àpótí bẹ́líìtì kí omi ṣàn jáde, kí ẹ dè é padà, kí ẹ fi ẹ̀rọ sí ibi tí kò sí jíà, kí ẹ sì fún un ní epo díẹ̀díẹ̀ títí bẹ́líìtì yóò fi gbẹ. Jíà tí ó wà nínú òróró kò mọ̀ pé òjò rọ̀. Ẹni tí oko rẹ̀ bá wà ní etí àbàtà, tí omi sì máa ń bo ọ̀nà rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí ó ronú gidigidi kí ó tó fi owó ra bẹ́líìtì.

Ẹrù wíwúwo náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ bẹ́líìtì bí a kò bá mọ̀ ọ́n lò. Lára ọ̀pá jíà ọ́tò ni ẹ óò ti rí lẹ́tà L àti H. L ni ti ẹrù àti ti ìfàlọ, H ni ti eré lórí ilẹ̀ líle. Ẹni tí ó bá fi H fa ọmọlanke tí ó kún fún ìgbẹ́ adìẹ ní ìrìn ẹsẹ̀ ń jó bẹ́líìtì rẹ̀ ni. Òórùn rọ́bà tí ó ń jóná ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un. Àwọn ará Èkìtì àti Ìdànrè ní ohun mìíràn láti bẹ̀rù, èyíinì ni ìsọ̀kalẹ̀ òkè, nítorí pé àwọn ẹ̀rọ oníbẹ́líìtì kan kì í fi ẹ́ńjìnnì fa ara wọn sẹ́yìn bí a bá ń sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀yin kò ní òkè, nítorí náà a ó fi èyí sílẹ̀ fún wọn.

Wàyí o, ta ni yóò tún un ṣe? Níhìn-ín ni afẹsẹ̀yí ti lágbára jù lọ. Ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, kò sí ìletò tí ẹ óò dé tí ẹ kò ní í rí ọmọ mẹkáníìkì kan tí ó lè tú kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà lábẹ́ igi kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ̀yà-ara ọ̀kadà wà ní ọjà gbogbo, nítorí pé àwọn oníṣòwò Nnewi ti kó wọn ká orílẹ̀-èdè láti ọjọ́ pípẹ́. Bẹ́líìtì kò rí bẹ́ẹ̀. Gígùn àti ìbú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ẹ̀rọ yín mu gẹ́lẹ́. Ti ẹ̀rọ mìíràn kò lè bá a ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ó já ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà, tí ẹ̀fọ́ ti wà ní kíká nílẹ̀: ẹ̀fọ́ kì í dúró de bẹ́líìtì. Bákan náà, bí bátìrì bá kú, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì lè ti afẹsẹ̀yí títí yóò fi jí, ṣùgbọ́n bí ẹ ti oníbẹ́líìtì dé Ẹ̀pẹ́, kò ní í jí. Epo náà wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti mú owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní oṣù karùn-ún 2023, tí jálá epo bẹntiróòlù kan ní Èkó fò láti nǹkan bí 190 náírà sí 488 náírà láàrin ọjọ́ mélòó kan, kò sí ẹni tí ó lè pe epo díẹ̀ ní ohun kékeré mọ́. Bẹ́líìtì a sì máa jẹ epo díẹ̀ ju eyín irin lọ.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ka ọ̀rọ̀ mi dé ìhín yóò rò pé afẹsẹ̀yí ni èmi yóò ní kí ẹgbẹ́ rà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó ni oko, tí ó sì mọ ọ̀kadà gùn, bẹ́ẹ̀ ni, kí ó rà á, kí ó má ṣe wo ẹ̀yìn. Ti ẹgbẹ́ yàtọ̀. Ẹ wo àwọn tí ó ń san owó ẹgbẹ́ yín. Ìyá tí ó ń gbin ẹ̀fọ́ wà níbẹ̀, bàbá tí ẹsẹ̀ ń dùn wà níbẹ̀, opó tí ó ń sin ẹja àrọ̀ wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ra ẹ̀rọ tí ó jẹ́ pé àwọn ọmọkùnrin méjì tí ó ti gun ọ̀kadà rí nìkan ni ó lè wà á, àwọn méjèèjì ni ẹ ra ẹ̀rọ fún. Àwọn ìyókù yóò di ẹni tí ń bẹ̀ wọ́n, lẹ́yìn tí wọ́n ti san owó bí tiwọn. Mo kà èyí sí ìrẹ́jẹ, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí ó gbèrò rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèǹgbè. Ẹ̀rọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ méjèèjì.

Nítorí náà ni mo ṣe ní kí ẹ fi ti Honda sọ́kàn. Irú kẹta wà nínú àwọn ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin pẹ̀lú: kò ní ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, kò sì ní bẹ́líìtì, ẹsẹ̀ tàbí bọ́tìnnì ni a fi ń yí jíà rẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì a sì máa mú fúnra rẹ̀. Kì í kú mọ́ olùkọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ bí ó bá fẹ́ gbéra, omi àbàtà kò rí bẹ́líìtì kankan mú lára rẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì àti jíà rẹ̀ kò sì jìnnà sí ohun tí mẹkáníìkì ọ̀kadà mọ̀. Èyí ni èmi ìbá rà bí mo bá jẹ́ akápò ẹgbẹ́. Ẹ ṣọ́ra, nítorí pé ọ̀pọ̀ èyí tí ó wà nílẹ̀ nínú wọn jẹ́ kékeré tí a ṣe fún eré àwọn ọmọdé. Ẹ béèrè ìwé rẹ̀, kí ẹ sì wo ìwọ̀n ẹrù tí ó lè gbé àti èyí tí ó lè fà, àti bóyá ó ní jíà tí a fi ń padà sẹ́yìn. Bí kò bá sí ìwé, ẹ má ṣe san owó.

Bí ẹ kò bá rí irú rẹ̀ tí ó tó ẹrù yín, ẹ ra afẹsẹ̀yí, kí ẹgbẹ́ sì yan awakọ̀ mẹ́ta tí a ó kọ́, kí ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin. Ọ̀sẹ̀ méjì tó láti kọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ẹgbẹ́ tí iyanrìn rírọ̀ nìkan ni ìṣòro rẹ̀, tí omi kì í dé ọ̀nà rẹ̀, lè ra ọ́tò pẹ̀lú ọkàn balẹ̀, bí ó bá ra bẹ́líìtì kejì ní ọjọ́ kan náà, láti ọ̀dọ̀ ẹni kan náà, tí akọ̀wé sì tì í mọ́ inú àpótí.

Ẹ tún fi òróró ẹ́ńjìnnì sọ́kàn. Kílọ́ọ̀ṣì afẹsẹ̀yí inú òróró ni ó ń gbé. Òróró ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan wà tí a po oògùn ìdẹ̀ra mọ́, a sì máa mú kí kílọ́ọ̀ṣì yọ̀. Èyí tí a kọ JASO MA sí lára agolo rẹ̀ ni kí ẹ máa rà.

Ọ̀ràn òfin náà kò kéré. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Eti-Osa tí Addo wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan. Ẹ̀rọ oko kì í ṣe ọ̀kadà, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá tí ó bá rí i ní ojú títì lè má dúró gbọ́ àlàyé. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ béèrè ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun, kí ó sì gba èsì ní kíkọ. Ọ̀nà oko ni kí ẹ̀rọ yín mọ; kí ẹ má ṣe gbé e dé ọ̀nà ńlá Lekki sí Ẹ̀pẹ́, kí ẹ má sì ṣe fi gbé èrò.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ sanwó, ẹ má ṣe dán an wò lórí ọ̀dà iwájú ilé ìtajà. Ẹ bẹ olùtajà kí ó gbé e wá sí Addo lẹ́yìn òjò, kí ẹ di ẹrù tí ẹ ń dì gan-an lé e lórí, kí ẹ mú un gba ibi tí ọ̀nà oko yín ti burú jù lọ. Kí ìyá ẹlẹ́fọ́ ni ó kọ́kọ́ wà á.