Ẹ Fi VIN Ọkọ̀ Hàn Wá Kí Owó Tó Kúrò Lọ́wọ́ Wa

Ẹ̀yin oníṣòwò ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní Bẹ́gà, ní Lẹ́kí àti káàkiri Èkó,

Mo kọ lẹ́tà yìí nítorí àwọn jíìpù olówó ńlá tí ẹ ń tà: Lexus, Range Rover, Mercedes àtàwọn ẹgbẹ́ wọn. Ẹni tó bá wá rà wọ́n á rí awọ ìjókòó tó ń dán, á rí ọ̀dà tó ń kọ mọ̀nà. Ohun tí kì í rí ni ìtàn ọkọ̀ náà.

Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní VIN, lẹ́tà àti òǹkà 17 tí wọ́n tẹ̀ sí i lára láti iléeṣẹ́. Láti ọdún 2022 ni iléeṣẹ́ aṣọ́bodè ti ń fi VIN yìí gan-an ṣírò owó ibodè. Kò sí bí ẹni tó kó ọkọ̀ gba èbúté Tin Can wọlé ò ṣe ní mọ̀ ọ́n. Kí ló wá dé tí àwọn kan nínú yín fi ń bò ó mọ́lẹ̀ nínú fọ́tò? Kí ló dé tó jẹ́ pé ìgbà tí oníbàárà bá sanwó tán ni ìwé ọkọ̀ ń jáde?

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ní Amẹ́ríkà, bí ọkọ̀ bá ní ìjàm̀bá tàbí tí omi bò ó, tí iléeṣẹ́ adójútòfò sì rí i pé owó àtúnṣe ti pọ̀ jù, wọ́n á sanwó fún ẹni tó ni ín, wọ́n á kọ "salvage" sí ìwé rẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sí gbàǹjo. Nígbà tí ìjì Harvey mú kí omi bo Houston lọ́dún 2017, ọ̀kẹ́ àìmọye ọkọ̀ ló bá a lọ. Kò burú kí èèyàn ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kó tún un ṣe, kó sì tà á ní iye tó yẹ ẹ́. Ohun tó burú ni kí ẹ kùn ún, kí ẹ pè é ní fáàsì bọ́dì, kí ẹ gba owó ọkọ̀ tí nǹkan kan ò ṣe rí.

Omi kì í tètè jẹ́wọ́. Abẹ́ ìjókòó àti kápẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ wáyà àti kọ̀ǹpútà kéékèèké tó ń darí jíìpù ìgbàlódé wà. Ìpẹtà á máa jẹ wọ́n díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lójú dáṣíbọọ̀dù, ẹni tó rà á á sì di aráalé rẹwáyà. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti áábàgì. Bó bá ti bẹ́ nígbà ìjàm̀bá, àwọn kan á rán ojú rẹ̀ pa, wọ́n á fi ọgbọ́n wáyà pa iná ìkìlọ̀ rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, kò sí áábàgì tó máa gba àyà awakọ̀ dúró. Ẹ̀mí èèyàn ló wà nínú irú ọjà yẹn.

Mo mọ èsì yín: dọ́là ti wọ́n, oníbàárà ń fẹ́ ẹ̀dínwó, bẹ́ ẹ bá sọ òótọ́ kò ní rà á. Àwọn àgbà náà sọ pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra èké yìí ò mọ̀ pé èké ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tà á lẹ mọ̀. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 sì ti pàṣẹ pé kí ẹni tó ń ta àlòkù tàbí ọjà àtúnṣe kọ ọ́ sára rẹ̀ gbangba.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bèèrè. Ẹ kọ VIN gàdàgbà sójú gíláàsì gbogbo ọkọ̀ tẹ́ ẹ tò síta, kí ẹni tó bá fẹ́ lè yẹ ìtàn rẹ̀ wò lórí ìkànnì Carfax. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì oníbàárà ká kápẹ́ẹ̀tì, kó fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde tán pátápátá kó lè rí ẹrẹ̀ tó bá wà níbẹ̀, kó sì fi ẹ̀rọ yẹ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wò. Kẹ́ ẹ sì kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ tún ṣe sínú rìsíìtì.

Olóòótọ́ wà nínú yín. Kì í rí iye tó tọ́ gbà lórí ọkọ̀ rere, torí ojú kan náà la fi ń wo gbogbo yín. Lọ́jọ́ tí VIN bá wà lójú gbogbo gíláàsì, ọkọ̀ rere á mú owó tó tọ́ sí i wá, èyí tó ti rì sómi náà á sì rí ẹni tó mọ ohun tó ń rà.