Ẹ yẹ ojú kámẹ́rà wò kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ drone ló délẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí ò ní awakọ̀ nínú. Kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń ya fọ́tò ìnáwó o. Èyí tí kámẹ́rà tó ń fi ooru ríran wà lára ẹ̀ ni mo ń sọ, tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní thermal. Ẹgbẹ́ àdúgbò tó fẹ́ ṣọ́ ilẹ̀ wọn lóru lè máa rò ó, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ sólà náà lè nílò ẹ̀. Owó gọbọi sì ni wọ́n ń tà á.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, ọmọdékùnrin ọmọ ọdún mẹ́fà kan sọ nù pẹ̀lú ajá ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Minnesota, l'Amẹ́ríkà. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló tú jáde tí wọ́n ń wá a nínú òtútù. Àṣé ọmọ ti wọnú oko àgbàdo. Ọ̀gànjọ́ òru ti kọjá kí drone kan tó fi ooru ara ọmọ náà mọ ibi tó wà. Wọ́n bá a láàyè.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa, ká ní kámẹ́rà yẹn ò tó ńkọ́? Ewu tó wà nínú kámẹ́rà tí ojú ẹ̀ ò dáa nìyẹn. Kò ní sọ fún yín pé òun ò ríran o. Ńṣe ni ibẹ̀ á dà bíi pé kò séèyàn kankan, àwọn tó ń wá ọmọ á sì gba ibòmíràn lọ.

Torí náà, ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa bi ọlọ́jà ni iye àmì tín-tìn-tín tó para pọ̀ di àwòrán ooru náà. Àwòrán ooru ni mo wí o, kì í ṣe ti kámẹ́rà ojúmọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, torí nọ́ńbà ńlá tiyẹn ni wọ́n fi ń dá wa lójú rú. Àwọn kan jẹ́ 160 ní ìbú, 120 ní òòró. Gbogbo ẹ̀ ò ju 19,200 lọ. Àwọn mìíràn jẹ́ 640 sí 512, ìyẹn 327,680, ìlọ́po mẹ́tàdínlógún!

Ẹ wo ohun tíyẹn túmọ̀ sí. Ká ní drone wà ní mítà 50 sókè, tó dojú kọlẹ̀, tí lẹ́ńsì ẹ̀ sì fẹ̀ tó ìwọ̀n digírì 57. Lórí 160, àmì kan ṣoṣo á gba nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 34 nílẹ̀. Èjìká àgbàlagbà ò ní ju àmì kan tàbí méjì lọ. Ta ló máa mọ̀ bóyá èèyàn ni àbí ewúrẹ́? Lórí 640, èjìká kan náà á tó àmì márùn-ún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ra tòkunbọ̀, ẹ ṣọ́ra gan-an. DJI Mavic 2 Enterprise Dual, 160 sí 120 ni. Mavic 2 Enterprise Advanced, 640 sí 512 ni. Ara wọn jọra bí ìbejì, ojú wọn ò jọra rárá. Ẹ ka orúkọ ẹ̀ dé ìparí.

Iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe ló kù. Tó bá jẹ́ sólà tàbí wáyà iná lẹ fẹ́ yẹ̀ wò, ẹ ra èyí tó lè sọ iye digírì ooru ojú kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì lò ó nígbà tí oòrùn ń ràn sára páńẹ́lì. Tó bá jẹ́ èèyàn lẹ fẹ́ wá, ìdájí ló dáa jù. Lọ́sàn-án gangan nílẹ̀ wa, ooru ilẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ara èèyàn dọ́gba, kámẹ́rà ò sì ní rí ìyàtọ̀. Ẹ béèrè pé ìgbà mélòó ló ń ya àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 9 tó fún ohun tó dúró sójú kan, ṣùgbọ́n 30 ló yẹ fún ohun tó ń rìn.

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ó ń rí inú ilé láti ìta, irọ́ ló ń pa. Kì í la ògiri kọjá, ewé tó ṣú pàápàá ń dí i lójú.

Ẹ má gbàgbé ìwé àṣẹ o. Lọ́dún 2016 ni àjọ NCAA kéde pé ẹni tó bá fẹ́ gbé drone fò gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àti lọ́wọ́ ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò.

Kówó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ gbé ọwọ́ lé ògiri fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e kúrò. Kámẹ́rà gidi á ṣì máa fi àmì ọwọ́ yín hàn. Ẹ tún gbé gíláàsì fèrèsé síwájú ojú ẹnì kan. Tí kámẹ́rà bá ṣì rí ojú onítọ̀hún ketekete, ayédèrú ni. Ní ìparí, kí ẹnì kan lọ dùbúlẹ̀ sínú koríko ní mítà 50, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí i. Ọlọ́jà tó bá ní kò sáyè fún gbogbo èyí, ẹ kí i pé ó dàbọ̀, kẹ́ ẹ kó owó yín sápò.