Àpótí Tí Kò Gbọ́ Yorùbá

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí a bá fọwọ́ ara wa ya àpótí ìkọ̀wé, dípò èyí tí Windows ti ṣe sílẹ̀, àwa ni a ó máa gba ohun tí a bá tẹ̀. WM_KEYDOWN, bọ́tìnnì nìkan ni ó ń sọ; WM_CHAR ni ó ń mú lẹ́tà wá. Ìyẹn rọrùn. Ṣùgbọ́n nínú Unicode, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ́ kò ní, àmì ohùn ni a ń fi lé e lórí, tòun ti nọ́ńbà mìíràn. Ẹni tó bá fún méjèèjì láyè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àmì á yẹ̀ kúrò lórí lẹ́tà, ọkọ́ àgbẹ̀ á sì di ọkọ! Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn Òyìnbó fi ń dán tiwọn wò. Àwa ńkọ́? Kí a tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a tẹ Ṣẹ́gun sínú rẹ̀, kí a pa á rẹ́, kí a tún un tẹ̀.